Ọdẹ́yalé Tó Kọ̀ Láti Dọ̀bálẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ààfin

Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta ni àwọn ará Ìpẹtẹ̀, ọ̀tá wa, wọ ààfin Àgúnlé lọ́sàn-án gangan, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n pé níbo lẹ ń lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pa Adérọ̀gbà, àrẹ̀mọ ọba, lórí ẹní tó ti ń jẹun. Kì í ṣe pé kò sí ẹ̀ṣọ́. Ọkùnrin méje ló wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú idà. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni nígbà náà kí ẹ̀ṣọ́ gbójú sókè nígbà tí ìjòyè bá ń kọjá; ńṣe ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, imú nínú iyanrìn, títí ẹni ńlá yóò fi wọlé. Ọ̀tá rí i, ó wọ agbádá, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àwọn baba ńlá wa. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́.

Ọdẹ́yalé, Àjàgbé ọmọ ọdẹ, akọni tí òun àti ẹkùn jọ ń wojú ara wọn, wà lára àwọn méje náà. Òun ló kọ́ Adérọ̀gbà ní ọfà títa, òun náà ló gbé òkú rẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà, kò dọ̀bálẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ọ̀tún, igbá-kejì ọba, dé, Ọdẹ́yalé fi idà dí ọ̀nà, ó ní kí bàbá dárúkọ ara wọn. Ọ̀tún fi ẹjọ́ sun ọba. Wọ́n de ọwọ́ Ọdẹ́yalé méjèèjì pọ̀ níwájú, wọ́n mú un lọ sí àgbàlá ààfin, àwọn ìjòyè sì ní ikú ló tọ́ sí ẹni tó bá tàbùkù àgbà.

Ọdẹ́yalé ní, “Kábíyèsí, iyanrìn ni mò ń wò nígbà tí apànìyàn ń lọ bá ọmọ yín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí mi. Mo tún kí i pé, ‘Ẹ káàbọ̀, bàbá.’ Ìkíni ni àwọn ìjòyè yín ń wá. Ẹ̀mí yín ni èmi ń ṣọ́.”

Kí ọba tó fèsì, ọkùnrin mẹ́ta tó wọ agbádá wọlé. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà yòókù ti dojú bolẹ̀ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀tún tilẹ̀ ti ń ṣípò fún wọn. Ọdẹ́yalé nìkan ló bi wọ́n pé ta ni wọ́n. Idà ni wọ́n fi dáhùn. Bó ti wà nínú okùn, ó fi orí kan ti iwájú láyà, ó já idà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró síwájú ọba. Ó pa méjì. Ẹ̀kẹta sá bọ́ sí ọwọ́ àwọn mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nílẹ̀.

Ọba fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn náà, ó bi í pé kí ló fẹ́. Ọdẹ́yalé kò gba ilẹ̀, kò gba oyè. Inú ṣì ń bí i. Ó ní kí Kábíyèsí jáde, kí wọ́n tún wọlé. Nígbà tí ọba padà dé ẹnu ọ̀nà, idà Ọdẹ́yalé ló bá níbẹ̀.

“Ta ni yín?”

Ẹnu ya gbogbo ìlú.

“Èmi Adéjùwọ́n ni, bàbá Adérọ̀gbà.”

Ọdẹ́yalé yẹra fún un. Títí di òní, orí ìdúró ni ẹ̀ṣọ́ Àgúnlé ti ń kí ọba. Ọba tuntun tó bá fẹ́ wọ ààfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀ fún wọn. Èyí tó bá ní òun tóbi ju ìbéèrè lọ, ìta ni yóò sùn.