Ohun Tí Lékèélékèé Rí Lódìkejì Odò

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.
Àlọ́ mi rọra la ìkùukùu kọjá, ó bà sẹ́yìn Erin ọba.

Erin ń wá ìdí tí yóò fi gbógun ti àwọn Ẹfọ̀n. Ó rán Lékèélékèé lọ ṣamí lódìkejì odò. Ẹ bá mi gbè é:

Lékèélékèé, kí lo rí?
Ìrì ń sẹ̀.
Ṣé wọ́n ń bọ̀ wá jà?
Ìrì ń sẹ̀.

Lékèélékèé dé, ó ní, “Kábíyèsí, orí ló ń yún wọn, wọ́n ń fi ha igi.”

Ọba tún rán an lọ. Ohun kan náà ló mú bọ̀, ni ọba bá lé e kúrò lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó ti máa ń ṣa kòkòrò jẹ. Nígbà kẹta, ebi ti ń pa á. Ó ní, “Wọ́n ń pọ́n ìwo.”

Ọba rẹ́rìn-ín. “Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gòkè wá jẹun, ọmọ mi.”

Àwọn Erin gba inú ìrì sọdá, wọ́n tẹ Ẹfọ̀n tọmọtọmọ pa. Irun orí ni wọ́n bá lára igi.

Ọba padà délé, orí ń yún un. Ó ń fi ha igi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lékèélékèé mìíràn, ti àwọn Ẹfọ̀n tó kù, bà sórí ẹ̀ka, ó ń wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ rò pé yóò lọ sọ nílé?