Ọ̀pálékè ní Ọjọ́ Àṣàyàn

Ní ìlú Ìsanlẹ̀, bí ọmọkùnrin bá ti lè ru omi láti odò délé láìsọ̀ ọ́ sinmi, baba rẹ̀ yóò fà á lé Baba Ògbóǹkò lọ́wọ́. Baba yìí ló ń kọ́ gbogbo wọn ní ìjàkadì lórí iyanrìn etí odò. Nínú gbogbo àwọn tó kọ́, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n jà tó Ọ̀pálékè. Odidi ọdún márùn-ún ni ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi kan ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní láti sọ fún un pé òun ni ọ̀gá. Ó ti mọ̀ ọ́n, ó tún mọ̀ ọ́n ní àmọ̀jù.

Nígbà náà, ọba ńlá kan ń bẹ ní Òkèǹlá tí Ìsanlẹ̀ ń sìn. Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ọba yìí máa ń rán Olóyè Aṣàyàn lọ sí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, láti mú oníjàkadì ẹyọ kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan wá sí ààfin. Ẹni tí wọ́n bá mú di ẹni ọba. Agbo ilé rẹ̀ kò sì ní ro ọ̀nà ọba mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ríro yìí gan-an ló ká Ọ̀pálékè lára jù. Baba rẹ̀ ti kú, kò sì sí ọkùnrin mìíràn ní agbo ilé wọn, nítorí náà òun àti ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, ni wọ́n jọ ń ro ìpín tó yẹ kí ọkùnrin mẹ́fà ro. Ẹ̀yìn ìyá náà ti ń tẹ̀. Nígbà tí Olóyè wá kẹ́yìn, ọjọ́ orí Ọ̀pálékè kò tíì tó. Ọ̀pálékè mọ̀ pé bí wọn kò bá mú òun lọ́dún yìí, kò tún sí ìgbà mìíràn, torí wọn kì í mú ẹni tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rìnlélógún.

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí Ayélàágbé fi dé láti abà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ga, apá rẹ̀ sì gùn débi pé àwọn obìnrin tó ń pọnmi a máa dúró wò ó. Lọ́jọ́ kan Ọ̀pálékè gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé, “Ẹ̀yin ò rí ọmọ abà yẹn ni? Àfi kí Ọ̀pálékè yáa múra o!” Ọ̀rọ̀ náà ta á lára bí ata ojú. Láti ọjọ́ náà ni ìlara ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Bí wọ́n bá yin Ayélàágbé lẹ́ẹ̀kan, á gbọ́ ọ bí ìgbà mẹ́wàá. Bí wọ́n bá sì yin òun alára, á ní wọn ò yin òun tó.

Ayélàágbé kò tilẹ̀ fura. Ó wá bá a lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ṣe ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ènìyàn yẹn, ẹ kọ́ mi.”

Ọ̀pálékè wò ó tẹsẹ̀ dé orí. “Ṣé wọn ò kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ kíkọ́ lábà ni? Ọ̀nà ebè nìkan lo mọ̀? Lọ bi Baba.”

Kò jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ béèrè ohun tó ṣe é, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó tún ní, “Ìyá mi, ṣé lóòótọ́ ni pé apá rẹ̀ gùn ju tèmi lọ?”

“Apá ta ni?”

“Ayélàágbé.”

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. “Ọ̀pálékè, èmi ni mo bí ọ, n kò sì mọ bí apá rẹ ṣe gùn tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkà ń tutù níwájú rẹ, ọmọ ọlọ́mọ sì ti jẹ tirẹ̀, ó ti sùn.”

Nígbà tó yá, Olóyè Aṣàyàn dé. Arúgbó tínńtín ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í rẹ́rìn-ín. Orí awọ ewúrẹ́ ló jókòó sí, ó ń wo gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kìíní, ó fi okùn wọn apá wọn, ó fọwọ́ tẹ ọrùn àti itan wọn bí ẹni ń ra ẹran. Nígbà tí wọ́n ń wọn Ọ̀pálékè, ọrùn ló ń nà, ó fẹ́ mọ ibi tí okùn Ayélàágbé dé. Olóyè ní kó dúró jẹ́ẹ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí wọ́n gbé odó, kí wọ́n fi yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀pálékè ló ṣíwájú, ṣùgbọ́n bó bá ti rìn díẹ̀, á bojú wẹ̀yìn wo ibi tí Ayélàágbé dé. Díẹ̀ ló kù kí odó bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Baba Ògbóǹkò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ojú rẹ dà?”

“Ojú mi nìyí, Baba.”

“Irọ́ ni. Ojú rẹ wà lára ọmọ abà. Lọ gbà á padà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.”

Ọ̀pálékè ní òun gbọ́. Ẹnu lásán ni.

Ọjọ́ kẹta ni ìjàkadì gan-an. Àṣà Ìsanlẹ̀ ni pé oníjàkadì méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta ní í jà lẹ́ẹ̀kan náà nínú agbo kan ṣoṣo. Wọ́n ní ogun kì í dúró kí ẹnìkan jà tán kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, tirẹ̀ ti parí. Wọ́n fi Ayélàágbé kojú Ṣàngódélé, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan. Ọ̀jẹ́wùmí ni wọ́n fi kojú Ọ̀pálékè, ọmọ kan tó kéré lára, tí Ọ̀pálékè ti dá mọ́lẹ̀ tó ìgbà ogún. Àwọn ènìyàn tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí wọn.

Wọ́n wọ̀yá ìjà. Kò pẹ́ tí Ọ̀pálékè fi gbá Ọ̀jẹ́wùmí mú níbàdí. Ó gbé e sókè, ó kù kó là á mọ́lẹ̀. Àfi bí gbogbo agbo ṣe pariwo lápá kejì: “Háà! Háà!”

Inú Ọ̀pálékè gbóná. Ayélàágbé ti dá a nìyẹn, ó ti dá Ṣàngódélé, wọ́n á máa yìn ín báyìí! Ó yẹ kó kọ́kọ́ parí ti ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlara kì í fún ènìyàn láyè. Ó ní kí òun ṣáà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ó yí ọrùn.

Ayélàágbé ló rí tó nà gbalaja nílẹ̀, Ṣàngódélé dúró lé e lórí. Ká má parọ́, inú Ọ̀pálékè dùn. Láti ọdún márùn-ún tó ti ń dá ènìyàn, inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ níbi tó ti ń yọ̀. Ẹsẹ̀ Ọ̀jẹ́wùmí ti kan ilẹ̀, ó kọ́ ọ ní gìgísẹ̀, ó sì ti àyà rẹ̀. Ojú ọ̀run ni Ọ̀pálékè tún rí.

Ọ̀jẹ́wùmí dúró, ó la ẹnu sílẹ̀.

Olóyè Aṣàyàn dìde, ó wá dúró síbi tí Ọ̀pálékè dùbúlẹ̀ sí.

“Kí ni ò ń wò?”

Ọ̀pálékè yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olóyè tún ní,

“Láti ọdún méjì ni òkìkí rẹ ti dé Òkèǹlá. Kí n tó kúrò nílé, ọba ní, ‘Wò ó fún mi dáadáa, bó bá rí bí wọ́n ṣe ń wí, mú un wá.’ N kò tìtorí ẹlòmíràn wá sí Ìsanlẹ̀. Ọmọ abà yẹn, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìwọ ni mo fi ọjọ́ mẹ́ta wò. N kò sì rí ojú rẹ lẹ́ẹ̀kan.”

Ó yíjú sí Ọ̀jẹ́wùmí, ó ní ojú tirẹ̀ kò kúrò lára ẹni tó ń bá jà, kó lọ dágbére nílé kí wọ́n jọ máa lọ sí Òkèǹlá. Àwẹ̀ró, tó ti jókòó sídìí igi láti àárọ̀, gbé ọwọ́ lé orí. Ó wá fa ọmọ rẹ̀ dìde, ó sì gbọn iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ẹni tí à ń wò kì í wòran.