Ebè Ṣọkọ Tí A Kò Já

Ọkùnrin kan wà tí ó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ó sì sọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ di oko ẹ̀fọ́ àti èso. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún kan, kò sí ohun tí ó gbìn tí kò hù. Ilá yọrí, elégédé fà gun ògiri, ìbẹ́pẹ sì so wẹ́wẹ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ebè ṣọkọ ni ó wù ú jù. Àràárọ̀ ni í dúró tì í pẹ̀lú pákò lẹ́nu, tí í máa rẹ́rìn-ín sí ewé bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọbẹ̀ ni òpin wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ní ilé kejì. Òun ni ó tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú, òun náà ni ó sì kọ́ ọ bí a ti í gbin ẹ̀fọ́. Ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, àìsàn sì ti mú ẹnu rẹ̀ korò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé.

“Àkànmú, ṣọkọ yìí ń wù mí jẹ. Já díẹ̀ fún mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù. Àwọn ọmọ ń bọ̀ láti Èkó lọ́dún Àjíǹde. Mo fẹ́ kí wọ́n bá a ní pípé, kí wọ́n mọ̀ pé n kò jókòó lásán.”

“Bí o bá já a, á tún yọ. O ṣáà mọ̀.”

Ó mọ̀. Bí a bá ré orí ṣọkọ, ẹ̀ka tuntun ni í fi dáhùn. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ni ó fi hàn án ní kékeré. Síbẹ̀ ó wo bí ebè náà ti tẹ́ rẹrẹ, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á láti já a.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún béèrè. Ọkùnrin náà tún bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n náà kò béèrè lẹ́ẹ̀kẹta.

Àwọn ọmọ dé. Wọ́n ya fọ́tò níwájú ebè náà, wọ́n ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́,” wọ́n sì wọlé lọ jẹ ìrẹsì tí wọ́n rà bọ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n padà. Nígbà náà ni ó mú ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ṣọkọ ti tanná, igi rẹ̀ ti le. Ó ṣa èyí tí ó ṣeé ṣà, ó gbé e tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n náà wà lórí ẹní. Ó fọwọ́ kan ewé náà, ó dúpẹ́.

“Ẹnu mi kò gba nǹkan mọ́, Àkànmú. Jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ gbẹ, kí o lè rí irúgbìn.”

Ì bá dára lójú ọkùnrin náà bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá bú u. Kò bú u. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi sin ín.

Òjò mìíràn ti rọ̀ láti ìgbà náà. Ọkùnrin náà gbin irúgbìn ọ̀hún, ó sì ń já ṣọkọ kí ó tó ga dé orúnkún, ó ń pín in kárí àdúgbò. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dùn ún síbẹ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ kọ́ ni mo ń sọ. Oore tí o ń tọ́jú di ọjọ́ tí àlejò yóò rí i, ó ń gbó lọ́wọ́ rẹ. Ẹnì kan wà nítòsí rẹ tí ó ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Má ṣe retí ẹ̀ẹ̀kẹta.