Mosúnmọ́lá Tó Ri Òpó Sójú Òkun

Láyé àtijọ́, òkun pa àwọn ènìyàn etí omi wa ju bí àrùn ti pa wọ́n lọ, kì í sì í ṣe pé òkun ìgbà náà burú ju ti òde òní. Àṣírí ló ń pa wọ́n. Ìlú méjì ló wà ní ẹnu ọ̀sà. Àwọn ará Òkè-Iyanrìn ló mọ ibi tí òkìtì iyanrìn abẹ́ omi ń ṣí lọ lọ́dọọdún, nítorí ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí. Àwọn ará Ìdí-Àgbọn ló mọ ìṣàn omi, ìgbà tó ń fa ọkọ̀ síta àti ìgbà tó ń tì í wálé. Olúkúlùkù di tirẹ̀ mú bí ahun. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ojú òkun fún ará ìta ti kó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ fún un.

Mosúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Iyanrìn, ni Orímisan ará Ìdí-Àgbọn fẹ́. Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ Orímisan forí sọ iyanrìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Àwọn ará Òkè-Iyanrìn wà létíkun, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n rí i tó ń bọ̀, wọn ò la ẹnu. Ìgbì dojú ọkọ̀ dé, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ẹni méjì ni Mosúnmọ́lá ń bù, á sì fi àwo kejì sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Bí ọkùnrin kan bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé, á sáré jáde.

Mosúnmọ́lá, obìnrin gbọn-in bí ìdákọ̀ró, a-wa-ọkọ̀-dé-ibi-tí-akọ-ń-bẹ̀rù! Ó gé òpó gígùn, ó so ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí, ó dá nìkan wa ọkọ̀ lọ ri í mọ́ orí òkìtì iyanrìn náà, lójú gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Akínṣọ̀yinù, olórí àwọn apẹja Òkè-Iyanrìn, wa ọkọ̀ lé e.

“Mosún, ṣé orí rẹ dàrú ni? O gbé ṣòkòtò sójú òkun bí àsíá! O fẹ́ kí àwọn àna rẹ wá kó ẹja wa tán?” Ó di òpó náà mú láti fà á tu.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fà á, Olúgbadé ọmọ yín wà lójú òkun, afẹ́fẹ́ sì ti yí padà. Ìgbà wo ni omi máa jẹ́ kó wọlé?”

Akínṣọ̀yinù yíjú wo ojú òkun, Mosúnmọ́lá sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Ẹ̀yin mọ iyanrìn, ẹ ò mọ ìṣàn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń wò yín láti etíkun lọ́hùn-ún yẹn, bí ẹ̀yin náà ṣe wo ọkọ mi.”

Ọwọ́ Akínṣọ̀yinù yọ̀ kúrò lára òpó. Ó wa ọkọ̀ lọ sí Ìdí-Àgbọn, ó dúró nínú omi, kò lè gòkè, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ìgbà tí omi máa jẹ́ kí ọmọ òun wọlé.

“Ẹ wo ọlọ́jà iyanrìn!” ni àwọn ọ̀dọ́ ń kígbe. “Ṣé ó ti tà tán ni?”

Baba Orímisan ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Àgbà náà wo ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ó wò ó pẹ́.

“Kí ọmọ rẹ má wọlé báyìí,” ló wí níkẹyìn. “Omi ń fà síta. Kó dúró títí omi yóò fi dákẹ́, kó wá gba apá ọ̀tún òpó ọmọ mi.”

Akínṣọ̀yinù padà sí ìdí òpó, ó ń fi àjẹ̀ júwe fún Olúgbadé pé kó dúró. Nígbà tí omi dákẹ́, ọmọ náà wọlé láàyè.

Láti ìgbà náà ni ìlú méjèèjì ti ń ri òpó sójú omi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i pé iyanrìn ti ṣí ló ń ṣí òpó, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé ará ibo ni. Bí ọkọ̀ bá sì gúnlẹ̀, a kì í ná ẹja inú rẹ̀ kí àwọn apẹja tó sọ ohun tí wọ́n rí: ibi tí omi ti ń fà, ibi tí ẹja sá lọ. Mosúnmọ́lá a máa dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, títí dé ọjọ́ ogbó rẹ̀, kó tó béèrè tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti sùn. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí apẹja bá ròyìn òkun tán, yóò fi kún un pé, “A ò tíì rí Orímisan o.” Àwọn tó wà létíkun a sì dáhùn pé, “Ẹ bá wa máa wá a.”