Ọ̀dà Kì Í Mú Lára Igi Tutù

Ọkùnrin kan wà ní abúlé orí omi, apẹja ni. Ọmọ́yẹlé ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀, nínú òjò ọdún tí àlejò ńlá kan fẹ́ wá kí baálẹ̀.

Iwájú ilé wọn ni pèpéle pákó tí ọkọ̀ gbogbo abúlé ń gúnlẹ̀ sí wà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ọmọ́yẹlé á gbé àtùpà jókòó sí etí rẹ̀, á máa retí ọkọ rẹ̀. Láti ojú agbami ni apẹja ti máa ń fojú wá iná yẹn.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń tún pèpéle ṣe níbẹ̀. Wọ́n á ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, wọ́n á yọ pákó tó ti jẹrà, wọ́n á fọ ìyókù, wọ́n á sì jẹ́ kí ọyẹ́ fa omi ara igi tán kí wọ́n tó kùn ún. Ṣùgbọ́n àlejò ń bọ̀, òjò sì ń rọ̀. Àwọn akunlé gbé ọ̀dà lé igi tutù.

Ọmọ́yẹlé rí wọn, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọkọ mi, ṣé igi lẹ̀ ń kùn ni àbí òjò?"

"Ìyàwó, lọ yan ẹja rẹ," ni olórí wọn dá a lóhùn. "Ó ṣáà ti ń dán."

Ó dán lóòótọ́. Àlejò gun orí rẹ̀, ó yìn ín, ó lọ. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n sé mọ́nú igi ń jẹ ẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pákó já lábẹ́ Ọmọ́yẹlé, omi sì gbé e lọ, tòun tàtùpà. Apẹja wa ọkọ̀ bọ̀, ó wá iná títí, kò rí i. Títí dòní, bó bá ń darí bọ̀ wálé, ojú rẹ̀ á ṣì máa wá a.

Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ kó àwọn akunlé padà wá, pé kí wọ́n fi pákó dí ihò náà kí wọ́n sì kùn ún, kí àwọn tó ń bọ̀ wá kẹ́dùn má baà rí i. Ó ní kí apẹja mú sùúrù, àmúwá Ọlọ́run ni.

Apẹja di ọwọ́ wọn mú. "Òjò ṣì ń rọ̀, ẹ tún gbé ọ̀dà dé. Ẹ jẹ́ kí n ha á ná. Baálẹ̀, ta ló pàṣẹ lọ́jọ́ yẹn?"

Baálẹ̀ ń wo omi.

Ẹ̀yin àgbà tó pè wá jọ lónìí pé ká gbàgbé ilé wa tí wọ́n wó, ọ̀dà ni sùúrù tí ẹ gbé wá yẹn, igi ò sì tíì gbẹ. Ojú tiwa náà ṣì ń wá iná ilé wa létí omi lálaalẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ha igi. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n wó o? Ẹ dárúkọ rẹ̀.