Yàrá Tí Láògún Ń Tì

Ní àdúgbò Òkè-Àgbọ̀n, tọkọtaya kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Láògún ni ọkọ, Móróunmúbọ̀ ni ìyàwó. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ni Láògún ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ni í dúró lórí ilẹ̀ ọlọ́dà tí bàálù ń gbà pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́ méjèèjì, tí í fi júwe ibi tí bàálù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ yóò dúró sí. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó padà wá sí ìlú, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ti ń ránṣọ níbẹ̀ tipẹ́. Fadérera, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ, nítorí náà ó ku àwọn méjèèjì nínú ilé.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí wọ́n ń kó iṣu sí. Kò pẹ́ tí Láògún dé tí ó kó iṣu náà kúrò, ó gbá ibẹ̀ mọ́, ó gbé tábìlì wọ̀ ọ́, ó sì ní kí káfíńtà de kọ́kọ́rọ́ tuntun mọ́ ilẹ̀kùn. Okùn ló fi so ọmọ kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn. Nígbà tí ìyàwó bi í pé kí ló fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹrù iṣẹ́ mi àtijọ́ ni mo fẹ́ kó síbẹ̀," ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ẹrù iṣẹ́ àtijọ́ kì í mú ènìyàn rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ohun tí Móróunmúbọ̀ kọ́kọ́ fura sí nìyẹn. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti jẹun àárọ̀ tán, á wọ inú yàrá náà, á tìlẹ̀kùn láti inú. Ìyàwó á máa gbọ́ ẹ̀rín jẹ́jẹ́ láti ibi tó ti ń ránṣọ, á sì máa gbọ́ orin tí kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́. Bí Láògún bá jáde, ojú rẹ̀ á máa dán bí ojú ẹni tó ti òde àríyá bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rí nǹkan pupa lẹ́bàá èékánná rẹ̀.

"Kí ló kùn yín lọ́wọ́?"

"Ọ̀dà ni."

"Ọ̀dà kí ni?"

"Ọ̀dà lásán ni, Ìyá Fadérera." Ó dìde, ó lọ fọ ọwọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Móróunmúbọ̀ ti ń gbóòórùn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ kí ó tó fọ̀ ọ́. Kò rí irun obìnrin kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbóòórùn lọ́fínńdà. Ọkàn rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn balẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lè fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn sùn yóò mọ bí a ṣe ń gbọn ẹ̀wù.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ó yà ní ìsọ̀ Sídíkátù, ọmọbìnrin tó ń ta àtíkè àti ohun ọ̀ṣọ́, láti ra abẹ́rẹ́. Sídíkátù wo ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, kútẹ́ẹ̀sì tí Bàbá ń rà fún yín, ṣé ẹ kì í kùn ún ni? Èyí pupa ni wọ́n tún mú lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú ẹ̀mú kékeré tí a fi ń tu irun ìpéǹpéjú."

Móróunmúbọ̀ kò kun èékánná rí láyé rẹ̀. Ó wo ìka ara rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún ní àgúntúngún, ó sì pa á mọ́ sábẹ́ ìborùn. "Mò ń kùn ún," ni ó wí. "Ọjọ́ ìsinmi ni mo máa ń kùn ún." Ó sanwó abẹ́rẹ́, ó gbàgbé abẹ́rẹ́ sórí tábìlì, ó lọ sílé.

Nígbà tó délé, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn wà ní títì. Móróunmúbọ̀ bọ́ bàtà, ó yọ́ lọ, ó kúnlẹ̀, ó fi ojú sí ihò kọ́kọ́rọ́. Èjìká Láògún ló rí, àti ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún tó di búrọ́ọ̀ṣì kútẹ́ẹ̀sì mú. Ohun tó ń kùn kò hàn síta. Ọkùnrin náà tẹ orí wálẹ̀ bí ẹni tó ń fetí sí àṣírí, ó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́:

"Rọra, arẹwà mi. Dúró kí n kùn ọ́ dáadáa. Bí ìwọ ṣe rí yìí, ta ni kò ní wò ọ́?"

Móróunmúbọ̀ dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ohùn tí ọkọ rẹ̀ fi sọ ọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Kò kan ilẹ̀kùn, kò sì bèèrè ohunkóhun. Ọ̀dọ̀ Àkànmú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí agboolé, ló gbà lọ. Àkànmú gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbọn orí. Òun kò tilẹ̀ rò ó sí obìnrin, oògùn owó ló rò ó sí. "Obìnrin wo ni yóò máa gbé inú yàrá iṣu látàárọ̀ dalẹ́? Ohun pupa, ilẹ̀kùn títì, ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyàwó wa, mo gbàdúrà kí ó jẹ́ obìnrin ni." Ọ̀rọ̀ yìí tún fi ìbẹ̀rù kún owú tó ń jẹ Móróunmúbọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n jọ wá. Láògún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ó rí wọn, ó yára fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Láògún, ṣí yàrá yìí," ni Àkànmú wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó ní pálọ̀."

"Mi ò wá jókòó. Kí ló wà níbẹ̀?"

 Láògún kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Fadérera, kí lo sọ fún wọn?"

"Ohun tí mo fi ojú mi rí ni. Ẹ̀ ń kun èékánná fún ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ pè é ní arẹwà."

 Láògún rọra sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìwọ nìkan ni kí o wọlé. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí i." Ẹ̀bẹ̀ yìí gan-an ló mú Àkànmú gbàgbọ́ pé ọ̀ràn ńlá ni. Ó fi èjìká gba àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ilẹ̀kùn tagbára-tagbára. Nǹkan kan já lulẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fọ́.

Bàálù ni. Bàálù kún inú yàrá náà. Òmíràn rọ̀ láti àjà lórí òwú, òmíràn tò sórí pákó, kò sì sí èyí tó gùn ju apá ènìyàn lọ. Igi arère ni Láògún fi gbẹ́ wọn. Fèrèsé wọn pé, ilẹ̀kùn wọn pé, ẹsẹ̀ wọn ní táyà tí kò tó ẹ̀wà. Lórí tábìlì, ọ̀kan dúró tí ìrù rẹ̀ ṣì tutù fún kútẹ́ẹ̀sì pupa, ẹ̀mú kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àkànmú wò wọ́n títí. "Eré ọmọdé," ni ó wí níkẹyìn. "Pẹ̀lú ewú lórí."

"Ohun tí mo ń sá fún nìyẹn," ni Láògún dáhùn. Ó jókòó sórí àpótí. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, mò ń dá wọn dúró, mo sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Mi ò wọ ọ̀kankan rí. Mo mọ bí ìrù olúkúlùkù wọn ṣe rí. Nísinsìnyí, mo lè mú igi tí kò já mọ́ nǹkan kan, kí n máa gbẹ́ ẹ, kí n máa gbẹ́ ẹ, títí èyí tí mo mọ̀ á fi yọjú sí mi. Bí apá bá wọ ara tí kò fi àyè sílẹ̀, mi ò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe máa ń dùn tó."

Móróunmúbọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó ti mú èyí tó fọ́ nílẹ̀. Apá rẹ̀ kan ti ya. Egungun inú rẹ̀ tín-ín-rín bí egungun ẹja, a sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó.

"Ẹ mú kí n purọ́ fún Sídíkátù," ni ó wí. "Ẹ mú kí n máa gbóòórùn ẹ̀wù yín bí ajá."

"Mo rò pé wàá fi mí rẹ́rìn-ín ni."

"Ǹ bá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ǹ bá jókòó tì yín." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ ń tẹ aṣọ tó wà lára apá náà. "Gbòdì ni ẹ fa aṣọ yìí. Ìdí nìyí tó fi hunjọ."

 Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Móróunmúbọ̀ gbé àpótí ìránṣọ rẹ̀ wọ yàrá náà, ó ní kí Láògún sún fún òun. Ní ti Àkànmú, ó mú bàálù kan lọ sí ilé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wò ó dáadáa, kò sì dá a padà.

Àkànmú yìí ló ń gbọ́ ẹjọ́ agboolé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀sùn ìfura wá bá a lẹ́yìn ọjọ́ náà, á kọ́kọ́ bi í bóyá ó wọlé ni tàbí ó kàn yọjú wò ó láti ìta. Ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ̀ bọ́ sí ẹnu àwọn ará Òkè-Àgbọ̀n, ó sì di òwe tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún afura-má-bèèrè pé: ihò kọ́kọ́rọ́ kì í fi gbogbo yàrá hàn.