Wàrà Lórí Iyanrìn

Òkun gbé àbùùbùtán kan jù sí etí ìlú wa láàyè. Àṣà wa ni pé ohun tí òkun bá gbé wá, kí kálukú gé tirẹ̀ kí omi tó padà kún.

Ìyá tó bí Baálẹ̀ wa fọwọ́ kan ikùn ẹran náà. Ó ní, "Ọmọ mi, ara rẹ̀ gbóná, ó ń mí bí èèyàn. Abiyamọ ni. Ẹ jẹ́ ká máa da omi lé e títí òkun yóò fi kún."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ẹja wo ló ń fọ́mọ lọ́mú?"

A yọ àdá. Wàrà funfun tú jáde sórí iyanrìn.

Ọmọ rẹ̀ yọ lójú omi. A wa ọkọ̀ lọ lé e padà síbú, kò lọ. Abẹ́ ọkọ̀ ló ń fẹnu tì, ó ń wá ọmú lára pákó, títí ebi fi pa á kú.

Baálẹ̀ kó ìjòyè jọ, ó ń bèèrè ètùtù.

Ìyá rẹ̀ ní, "Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe."

Títí dòní, bí nǹkan bá kan abẹ́ ọkọ̀ wa, kò sẹ́ni tí í bojú wo omi.